Ihò Kẹtàdínlógójì

Igba kànga ó lé mẹ́rìnlá ni Mùsílíù gbẹ́ ní Ìsẹ́yìn àti agbègbè rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́tàlélógójì. Mẹ́sàn-án nínú wọn kò lómi. Kì í yọ mẹ́sàn-án náà kúrò nínú iye. Ó ní òun ti ṣe tòun, omi ni kò yọjú.

Òfin kan ṣoṣo ló ní nídìí iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ní kó wá dí kànga tó ti gbẹ, á kọ́kọ́ dojú bolẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, á ké sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ta ló wà níbẹ̀?" Á ṣe é láàárọ̀, á ṣe é lọ́sàn-án, á ṣe é nírọ̀lẹ́, títí ọjọ́ mẹ́ta á fi pé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yẹ̀pẹ̀ tó lè wọlé. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi òfin náà lé e lọ́wọ́, òun náà sì rò nígbà náà pé orí ọ̀gá òun kò pé. Ó rò bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n ké sínú kànga gbígbẹ kan lẹ́yìn ọjà, tí ohùn kan sì dáhùn láti ìsàlẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyá Ràfíù ti lọ?"

Bàbá Ràfíù ni. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ọmọ odó lé e wọ ibẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ ọkọ̀ méjì ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é. Láti ọjọ́ yẹn, Mùsílíù kò bá òfin náà jiyàn mọ́.

Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin nígbà tí Salimot, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní kó wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ òun ní Wylie, ìlú kan ní Texas, ní Amẹ́ríkà. Nọ́ọ̀sì ni Salimot, ilé ìwòsàn kan ní Dallas ló ti ń ṣiṣẹ́. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti máa ń wà lórí fíríwè, títì márosẹ̀ ibẹ̀, bàbá rẹ̀ á sì ku òun nìkan sílé. Àwọn ilé Wylie jọra bí eyín. Lóṣù àkọ́kọ́, Mùsílíù ṣi ilé wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, ó ti bọ́ bàtà, ó ti jókòó, kí onílé tó yọ láti ilé ìdáná. Onílé náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ fún Mùsílíù lẹ́yìn náà pé ní Texas, kì í ṣe gbogbo onílé ló ń rẹ́rìn-ín.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni Salimot ń lọ láti ìgbà tó ti fẹ́ onígbàgbọ́. Mùsílíù kò bá a wí. Òun náà máa ń tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ Àìkú, tòun ti bútà rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìrẹsì wà. Ìjọ náà ti ra ọ̀dàn kan lẹ́yìn Wylie, éékà márùn-ún, koríko lásán. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìsìn síbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ ṣe. Ìjọ tí kò bá ríbi gbé ọkọ̀ sí kò ní í sọ̀ kalẹ̀ wá gbàdúrà.

Nínú oṣù kẹta tó dé, wọ́n lọ ya ilẹ̀ náà sí mímọ́. Pásítọ̀ Olúyínká ń gbàdúrà, gbogbo ojú wà ní dídì. Túndùn, ìyàwó Díkínì Fọláránmi, fẹ́ sún mọ́ iwájú. Bàtà gogoro ló wọ̀. Gìgísẹ̀ bàtà ọ̀tún wọ inú ihò kan, ó wọlé tán pátápátá, Túndùn sì ṣubú lu pásítọ̀, àwọn méjèèjì lulẹ̀. Àwọn tó dijú gbọ́ "gbì", wọ́n rò pé agbára ti sọ̀ kalẹ̀. Àmín tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà kò kéré. Ìgbà tí wọ́n lajú ni wọ́n tó rí i pé ihò ló kún ilẹ̀ tí wọ́n rà.

Fọláránmi ni alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe nídìí kọ̀ǹpútà ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Lancaster, kò sì sí ọjọ́ tí oorun kì í wà lójú rẹ̀. Ó mú bàtà ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó wá bá Mùsílíù nídìí ìrẹsì.

"Bàbá, ẹ kú jíjẹ. Salimot ní ihò ni iṣẹ́ yín."

"Gbígbẹ́ ni."

"Dídí ńkọ́? Dídí ò lè le tó gbígbẹ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Bàbá, ihò kéékèèké ni. Ẹ bá wa dí wọn kó tó di Sátidé. Sátidé ni tipà ń kó yanrìn bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kọnkéré."

Oṣù méjì ni Mùsílíù ti fi jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó gbà kí díkínì tó parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo fún ẹ lọ́rọ̀ mi. N ó dí gbogbo wọn, àfi èyí tí ẹnìkan bá wà nínú rẹ̀."

Fọláránmi rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Ní ọjọ́ Ajé, Mùsílíù kà wọ́n. Ihò mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ó fi igi kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ti ọ̀pá bọ àkọ́kọ́: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ìka mẹ́rin, omi. Ó ti í bọ ìkejì: ẹsẹ̀ mẹ́ta àti ìka mẹ́ta, omi. Kò rí ọ̀kan tó gbẹ. Ihò náà gún, inú rẹ̀ dán, wọ́n sì fi ẹrẹ̀ mọ òrùka róbótó ká ẹnu rẹ̀, bó ṣe yẹ kí wọ́n mọ òrùka ká ẹnu kànga. Òun tó ti gbẹ́ mẹ́sàn-án tí kò lómi, ó dìde dúró, ó ṣí fìlà.

"Ta ló gbẹ́ ìwọ̀nyí?" Mùsílíù bi obìnrin arúgbó kan tó fara ti wáyà ọgbà, tó ti ń wò ó láti àárọ̀.

Stella ni obìnrin náà ń jẹ́, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ilé pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dàn náà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ṣì ń gbé. Bàbá rẹ̀ ló ń gé koríko ilẹ̀ náà fún màlúù láyé ọjọ́un. Òyìnbó Mùsílíù kò pọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé iṣẹ́ omi ló ti kọ́ ọ. Ti Stella ń gba imú jáde. Ṣùgbọ́n arúgbó kì í ṣàìgbọ́ ohun tí arúgbó ń sọ.

"Krọ́fíìṣì," ni Stella wí. Ó pa ìka méjì pọ̀ bí ẹ̀mú.

Lọ́sàn-án, Mùsílíù rí ọ̀kan. Edé ni, ó tóbi tó àtàǹpàkò méjì, ó ní ẹ̀mú bíi ti alákàn, ó sì ń ru ẹrẹ̀ bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ní Ìsẹ́yìn, gbígbẹ ni edé máa ń dé ọjà. Mùsílíù kò mọ̀ pé ó ń ṣe iṣẹ́ kankan kó tó kú.

Ó ké sínú gbogbo wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gọ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta. Edé kò dáhùn. Ìyẹn kò dà á láàmú: bí a bá dí ihò mọ́ edé lórí, á gbẹ́ òmíràn jáde, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Àwọn ará ìjọ tó ń wakọ̀ kọjá rí bàbá àgbàlagbà kan tó ń forí kanlẹ̀ káàkiri inú koríko. Kó tó di alẹ́, ọ̀rọ̀ ti dé etí Salimot.

"Bàbá mi, wọ́n ní ẹ ń kírun sí ihò."

"Ìwọ̀-oòrùn ni mo dojú kọ. Ṣé kìbílà wà níbẹ̀?"

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn òjò àárọ̀, ó dé ihò kẹtàdínlógójì. Ó ké, "Ta ló wà níbẹ̀?"

"Hòòòọ̀ọ̀n," ni ihò wí.

Ìhanrun ni. Ìhanrun ọkùnrin sísanra tó jẹ ẹ̀bà tán, tó fẹ̀yìn lélẹ̀, tí kò sì ní ohunkóhun tó ń rò. Mùsílíù fà sẹ́yìn. Ó ké lẹ́ẹ̀kejì. "Hòòòọ̀ọ̀n." Kò ké lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ti yé e pé ẹnìkan wà nílé.

Ó rìn sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ó dùbúlẹ̀ sínú koríko, ó dúró. Ihò yìí kò ní òrùka ẹrẹ̀ mọ́. Edé tó gbẹ́ ẹ ti lọ, tàbí ó ti kú. Níwájú rẹ̀, ilẹ̀ mọ́ ní ìwọ̀n àwo ìjẹun kan, bíi pé ẹnìkan ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tó di nǹkan bí aago mọ́kànlá, onílé jáde.

Àkèré ni. Ó sanra, ó kún àtẹ́lẹwọ́, orí rẹ̀ tóbi, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wú bí ẹ̀yìn alágbàṣe. Ara rẹ̀ rí bí eérú. Àmì dúdú róbótó róbótó ló kún un, a sì fi funfun gbá etí àmì kọ̀ọ̀kan, bí iṣẹ́ aránṣọ tó fara balẹ̀. Ikùn rẹ̀ funfun, inú itan rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ó jókòó sórí ilẹ̀ mímọ́ náà, ó fi ojú ẹni tí wọ́n jí láìnídìí wo Mùsílíù. Tata kan fò kọjá. Tata náà kò dé ibi tó ń lọ.

Mùsílíù na igi sí i. Àkèré náà fi ìdí wọ ihò, ó fẹ́ra títí ó fi há ẹnu ihò pa, ó sì tẹrí ba bí àgbò tó fẹ́ kàn.

Stella ti wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Kì í gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. Ihò krọ́fíìṣì ló ń gbà."

"Ayálégbé ni."

"Ayálégbé tí kì í kó jáde. Ní Fẹ́búárì, á lọ sí adágún ìsàlẹ̀ yẹn lọ wá ìyàwó. Bó bá ṣe tán, inú ihò yìí gan-an ló ń padà sí."

Stella sọ ìyókù. Nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bí òjò tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bá kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gìnnìtìn, gbogbo adágún náà á bẹ̀rẹ̀ sí hanrun. Bàbá òun á fi ìrọ̀rí di etí, á máa ṣépè. Kò sẹ́ni tó lè kà wọ́n. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ wọ ọ̀dàn apá ọ̀tún, ibi tí ẹ̀rọ bá sì ti tú, ihò ibẹ̀ ti parẹ́. Ilé wọ ọ̀dàn apá òsì. Ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ẹja pípa da ẹja sínú adágún kejì tó wà nítòsí, ẹja sì jẹ ọmọ wọn tán. Bàbá Stella máa ń dáná sun koríko náà lọ́dọọdún kí igi má baà gbà á. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé sílé tuntun ní èéfín ń ba aṣọ àwọn jẹ́, ó bá dáwọ́ dúró. Lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, Stella ka ohùn mọ́kànlá. Lọ́dún tó kọjá, ó ka méjì. Lọ́dún yìí, ọ̀kan.

"Bí a bá dí ihò yìí," ni Mùsílíù wí, "ṣé kò lè lọ síbòmíràn ni?"

"Ó lè lọ. Ibo?"

Mùsílíù fi ìṣísẹ̀ wọ̀n ọ́n. Láti ẹnu ihò dé etí adágún, irinwó ìṣísẹ̀ ó lé mẹ́jọ. Bí òun bá tilẹ̀ fi ihò kan ṣoṣo yìí sílẹ̀ láàárín kọnkéré, kí ni àkèré ó máa jẹ? Táyà? Ó gbé ṣọ́bìrì jù sílẹ̀. Nínú ihò mẹ́tàlélọ́gọ́ta, kò tíì dí ọ̀kan.

Ní Ọjọ́rú, Fọláránmi wá wo iṣẹ́. Pásítọ̀ Olúyínká bá a wá. Ó di ìgò òróró mú, nítorí ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé òkú kan ń hanrun nínú ilẹ̀ ìjọ.

"Kì í ṣe òkú," ni Mùsílíù wí. "Àkèré ni."

Ojú Fọláránmi là fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. "Àkèré! Bàbá, ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn ò mọ nǹkan tó dáa. Ní Abẹ́òkúta, ata ló kù."

"Ọ̀kan ṣoṣo ni."

"Ọbẹ̀ ẹnìkan nìyẹn. Mi ò ní í pe ẹnikẹ́ni."

"Fọláránmi, mo ti sọ fún ẹ. Àfi èyí tí ẹnìkan bá wà nínú rẹ̀."

"Bàbá, ṣé ẹnìkan ni àkèré?"

"Mo pè é, ó jẹ́. Àwọn èèyàn wà tí mo pè tí wọn ò jẹ́."

Pásítọ̀ ń ṣí ìgò. Mùsílíù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ má da òróró sí i, Pásítọ̀. Awọ ló fi ń mí. Ẹ pè é wò."

Pásítọ̀ kúnlẹ̀, ó ké sínú ihò lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ohùn tó fi ń lé ẹ̀mí èṣù. Ihò dákẹ́. Fọláránmi pè é. Ihò dákẹ́. Mùsílíù fúnra rẹ̀ pè é. Ihò dákẹ́ bí ilé tí ọlọ́pàá ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ó wà nílé," ni Mùsílíù wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ni òfin mi."

Fọláránmi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán kí òun lè lọ sùn. Ó ní, "Ó dáa. Pásítọ̀, ẹ jẹ́rìí sí i. Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Sátidé. Bí ihò yìí bá hanrun tí mo fi etí ara mi gbọ́ ọ, màá gbé ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, màá sì fi ọ̀dàn yìí sílẹ̀. Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan títí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tipà á da yanrìn lé e. Bàbá, ẹ sì ta kété sí ihò yẹn. Ogún ìṣísẹ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Kí ẹ má baà bá a hanrun."

Ọjọ́bọ̀ kọjá. Mùsílíù dúró ní ogún ìṣísẹ̀, ó pè lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Kò sí èsì. Ní ọjọ́ Ẹtì, oòrùn mú, koríko gbẹ, àkèré kò tilẹ̀ yọ orí síta. Lálẹ́, Salimot bu ọbẹ̀ fún un, kò jẹ ẹ́.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí. Wọ́n ń bi mí bóyá orí yín pé."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní ó pé díẹ̀."

"Ó ṣé." Ó fa àwo ọbẹ̀ náà mọ́ra, ó tún tì í sẹ́yìn. "Salimot, mi ò tíì da yẹ̀pẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lórí rí. Igba kànga ó lé mẹ́rìnlá, àti gbogbo èyí tí mo dí. Mi ò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Texas."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Fọláránmi ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tààrà. Ó gbé àga sẹ́nu ihò, ó jókòó tì í, kó lè dá a lójú pé kò sí màgòmágó. Ife kọfí méjì ló mu. Lágogo méjì, tipà dé. Awakọ̀ rẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Pásítọ̀ dé pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ mẹ́rin. Stella dúró nídìí wáyà rẹ̀. Ní ogún ìṣísẹ̀ gééré, Mùsílíù dúró, ó ń pè. Ihò kò fèsì.

Lẹ́yìn aago mẹ́ta, orí Fọláránmi fì. Ó gbé e sókè. Ó tún fì. Nígbà kẹta, kò gbé e sókè mọ́, ẹnu rẹ̀ sì là.

"Hòòòọ̀ọ̀n," ni Fọláránmi wí.

"Hòòòọ̀ọ̀n," ni ihò dá a lóhùn.

Àwọn méjèèjì wá ń gbà á fún ara wọn, bí àgbà méjì tó ń kí ara wọn lójú ọ̀nà. Bí Fọláránmi bá sinmi, ihò á dúró dè é. Bí ihò bá pẹ́, Fọláránmi á tún un ké. Bí Túndùn ṣe dé nìyẹn, ó gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín dání, sílípáàsì ló wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó dúró, ó gbọ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ó ní, "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ta ni èkejì?"

Mùsílíù na ìka sí ihò.

"Jésù," ni Túndùn wí. "Wọ́n ti di méjì."

Ó gbá ọkọ rẹ̀ léjìká. Fọláránmi fò dìde. "Mi ò sùn o."

"Wọ́n ní o hanrun," ni Mùsílíù wí láti ogún ìṣísẹ̀.

"Èmi? Mi ò hanrun rí láyé mi! Ẹ bi Túndùn... ẹ má bi Túndùn. Mo wà lójúfò, mo ń gbọ́ gbogbo yín."

"O gbọ́ ìhanrun?"

"Mo gbọ́ ọ kẹ̀! Ta ni ò gbọ́ ọ?"

"Kì í sì í ṣe ìwọ."

"Kì í ṣe èmi!"

"Ta wá ni?"

Fọláránmi ya ẹnu. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo pásítọ̀, ó wo tipà, ó wo ihò. Ọ̀nà méjì ló kù: kó jẹ́wọ́ lójú ìjọ ohun tó ti ń sẹ́ fún ìyàwó rẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún, tàbí kó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó rò ó. Kò pẹ́ tó fi rò ó.

"Ihò ni," ó wí.

Pásítọ̀ Olúyínká ní, "Àmín."

Tipà da yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ibẹ̀ ni ibi ìgbọ́kọ̀sí wà títí di òní. Láti ibẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń kọ́ ilé ìsìn sí, ìṣísẹ̀ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni, Mùsílíù ló kà á. Àwọn obìnrin ìjọ máa ń rìn ín pẹ̀lú sílípáàsì, bàtà gogoro á wà nínú báàgì, èébú á sì wà lẹ́nu. Orúkọ Fọláránmi ni wọ́n máa ń fi bú.

Mùsílíù lọ sílé nígbà tí oṣù mẹ́fà pé. Ní Fẹ́búárì tó tẹ̀ lé e, ó ní kí Salimot tún ra tíkẹ́ẹ̀tì. Salimot rò pé òun ló ń sàárò. Mùsílíù kò já a níyàn.

Òjò wọ́ọ́rọ́ àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kan. Nígbà tó dá, nírọ̀lẹ́, Mùsílíù jókòó sí fàráńdà Stella, àwọn méjèèjì ń fetí sí adágún.

"Hòòòọ̀ọ̀n."

"Ọ̀kan," ni Stella wí.

"Ọ̀kan."

Wọ́n dúró. Ó tún ké. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Stella ní ibi tí ohùn bá ti pọ̀ ni abo àkèré ń wá. Abo kì í wá nítorí ohùn kan ṣoṣo. Mùsílíù ń ronú kan kànga mẹ́sàn-án tí kò lómi.

Ẹnìkan ń la koríko bọ̀. Fọláránmi ni, àga tó ṣeé ká wà lórí rẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì wà léjìká.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ kú àbọ̀. Màmá Stella, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

"Ṣé kò sí iṣẹ́ lónìí?"

"Mo gba àyè. Túndùn ló rán mi. Ó ní bí mo bá fẹ́ hanrun, kí n lọ hanrun síbi tó ti wúlò."

Mùsílíù bá a gbé àga lọ sí etí adágún, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò kó tó jẹ́ kó jókòó. Fọláránmi fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora dé ọrùn. Ó wo omi, ó wo Mùsílíù.

"Bàbá, ṣé kí n máa..."

"Sùn."

Mùsílíù padà sí fàráńdà. Kò tíì jókòó tán tí Stella fi na ìka rẹ̀ sókè.

"Méjì," ó wí.